Ẹ́ńjìnì Tí Kò Jẹ́ Kí A Sọ̀ Kalẹ̀ Mọ́

Bọ́ọ̀sì wa ti di irin àlòkù. Àwọn tó ń fi ọmọlanke kó irin kiri ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n sì ti kó o lọ. Bàámi ti lọ, Màámi ti lọ, ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Èmi nìkan ni mo ṣì ń bá ẹ́ńjìnì jà. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ní gbogbo Ìkìrun, kò sí obìnrin mìíràn tó ń bá irin di kùnrùngbùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá kàn ní í máa rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú bọ́ọ̀sì tó jẹ́. Kì í ṣe bọ́ọ̀sì èrò bí èyí tó ń ná Òṣogbo. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la títì fún ìjọba ni wọ́n ń gbé inú rẹ̀ nígbà kan, nígbà tí iṣẹ́ bá gbé wọn lọ sí igbó tí kò sí ilé. Nígbà tó gbó tán, ìjọba lù ú ní gbàǹjo, ìjọ wa rà á, wọ́n sì fà á lé ọkọ mi lọ́wọ́, nítorí òun ni ajíhìnrere wa. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Kọ́bọ́ọ̀dù wà níwájú, ibi ìdáná wà lẹ́yìn, táńkì omi kan wà lókè tí kò yé jò. Mo ta kọ́tìnì sójú wíńdò, mo tẹ́ ẹní, mo wá ibi kan há sítóòfù mi sí. Ilé ni. Inú rẹ̀ ni àbíkẹ́yìn mi ti kọ́ ìrìn, ìdí nìyẹn tó fi ń rìn títí di òní bí ẹni tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń kúrò ní Ìkìrun. A ó dé Ìnísà, a ó wàásù, a ó sùn sínú mọ́tò. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó forí lé Òkukù, ibẹ̀ la ó sì wà títí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi á fi parí. Àwọn akọrin ìjọ máa ń bá wa lọ, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn mìíràn dàgbà ju ìyá mi lọ. Aláṣọ funfun ni wá. Bí a bá sì ti wọ aṣọ àdúrà, bàtà di èèwọ̀, ìbáà jẹ́ orí ẹ̀gún la ó rìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì yìí mọ eré é sá lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n bó bá fojú kan òkè, ó tán. Láàrin Ìnísà àti Òkukù, odò kékeré kan wà tí títì gba orí afárá kọjá. Bí èèyàn bá ti kúrò lórí afárá, òkè gígùn kan ló kàn. Pẹ̀lú àwa, àti ìkòkò, àti bẹ́ǹṣì, àti àwọn ibùsùn onírin yẹn, mọ́tò wa á ké títí dé ìdajì òkè, á sì kú síbẹ̀. Nítorí náà, ọkọ mi kì í dán an wò mọ́. Tó bá ti dé ẹsẹ̀ òkè, á dúró, gbogbo wa á sọ̀ kalẹ̀. Òun á wá sáré mọ́tò náà lófìfo gun òkè, èéfín á gba gbogbo ojú ọ̀nà, ọkùnrin kan á máa sá tẹ̀lé e pẹ̀lú ìtì igi tí yóò fi há táyà bí mọ́tò bá fẹ́ yí padà sẹ́yìn. Àwa á máa fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀, ẹsẹ̀ lásán, lórí ọ̀dà, nínú oòrùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀dà yẹn á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn. Àwọn ìyá ìjọ á máa kọrin kí wọ́n má bàa sunkún. Tí a bá ń padà bọ̀ láti Òkukù, ìsọ̀kalẹ̀ ni, mọ́tò á kàn yọ́ kọjá, kò sí ìdí àti dúró.

Èmi nìkan ni mo fẹ́ràn òkè yẹn. Ìdí ni pé abúlé wa ló wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ilé bàbá mi sì kọjú sí títì.

Àgbẹ̀ ni Bàámi, wọ́n sì jẹ́ alàgbà ní ìjọ Áńgílíkà. Wọ́n ti fi ọkàn sí i pé nọ́ọ̀sì ni màá ṣe. Ìgbà tí mo wá lọ fẹ́ ajíhìnrere aláṣọ funfun, tí mo tún bọ́ bàtà tẹ̀lé e, ojú tì wọ́n láàrin ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n gbé Bíbélì lé itan, wọ́n gbé ọwọ́ lé e, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ ya ilé àwọn mọ́, àti pé lọ́jọ́ tí ìyá mi bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá mi lọ, kó má padà wálé. Ojú gbogbo ẹbí ni wọ́n ti sọ ọ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Bàámi kì í ṣe ẹni tó ń búra kó tún pa á jẹ. Màámi náà kì í ṣe obìnrin tó máa sọ ọkọ rẹ̀ di òpùrọ́ lójú Ọlọ́run. Orí kunkun kan náà ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, wọ́n sì fi jogún fún mi.

Ṣùgbọ́n ìbúra náà kò sọ ohunkóhun nípa mọ́tò tí kò lè gun òkè. Mọ́tò tí òkè dá dúró kò ya ilé ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó sì gbé àtẹ ẹ̀pà jáde sí etí títì kò wá ẹnikẹ́ni lọ, ọjà rẹ̀ ló ń tà. Bí Màámi ṣe rí i nìyẹn, wọ́n sì dúró lórí rẹ̀. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi igbá tó wà lẹ́bàá afárá pẹ̀lú àtẹ ẹ̀pà sísè. Ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nígbà náà, wọn kì í fi ojú mọ mọ́tò wa mọ́, etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńjìnì wa máa ń húkọ́ bí àgbàlagbà tí ọyẹ́ mú. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ikọ́ yẹn ní òdìkejì odò, wọ́n á dìde, wọ́n á gbé àtẹ lérí, wọ́n á ní àwọn ń bá àwọn èrò lọ sókè, bóyá wọ́n á ra ẹ̀pà lọ́nà.

Èmi àti àwọn la ó gbẹ̀yìn. Màá di ọwọ́ wọn mú bí ẹni ń ran ẹlẹ́pà lọ́wọ́. A ó sọ̀rọ̀ eyín tí ọmọ ń hù, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó jẹ gbágùúdá aládùúgbò, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tó ń dun Bàámi. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kan níbẹ̀. Bí a bá ti dé orí òkè, wọ́n á fi ọwọ́ pa mí lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n, wọ́n á ní mo ti rù, tàbí mo ti sanra, wọ́n á sì yí padà sílé.

Bàámi mọ̀. Ta ló ń tan ta? Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n á sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé gbọ́ pé mọ́tò àwọn aláìníbàtà tún ti kọṣẹ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á mú iṣu tó tóbi jù nínú èyí tí wọ́n wa, wọ́n á gbé e sórí àtẹ ẹ̀pà, wọ́n á ní kí Màámi bá àwọn tà á. Ibi ìdáná mọ́tò wa ni iṣu yẹn máa ń gbẹ̀yìn sí. Wọn kò béèrè rí pé ta ló rà á. Ohun kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: kí mọ́tò náà má lè gun òkè lóòótọ́. Bó bá lè gùn ún, tí a sì tún dúró, a jẹ́ pé ńṣe la yà wá kí wọn, ìbúra á sì mú Màámi.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá tó dàgbà jù nínú àwọn akọrin wa, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bó lórí òkè yẹn, awọ rẹ̀ ṣí bí èèpo iṣu sísè. Wọn ò sunkún, ṣùgbọ́n wọn ò lè dúró kọrin ní Òkukù. Kò pẹ́ sí i, igi tí wọ́n fi há táyà yọ̀, mọ́tò sì ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wá bá wa lójú títì. Ọlọ́run ló yọ wá, ọkọ mi rí i darí sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ṣèṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti di bó ò lọ o yà fún mi, àwọn àgbàlagbà ń ṣubú lé ara wọn nínú koríko. Nígbà tí a padà dé Ìkìrun, àwọn akọrin lọ bá ọkọ mi, wọ́n ní àwọn ò fi ẹsẹ̀ gun òkè yẹn mọ́, kó wá nǹkan ṣe sí ẹ́ńjìnì.

Mo ta kò ó. Mo ní irin àtijọ́ kò gba àtúnṣe, mo ní àwọn mẹkáníìkì á bà á jẹ́ kọjá bó ṣe wà, mo ní ẹsẹ̀ rírìn dára fún ara. Gbogbo ẹjọ́ yìí ni mo rò, mi ò kan ibi tó ń dùn mí. Ọkọ mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó wá ní, “Ṣé kí ẹsẹ̀ àwọn ìyá yìí máa bó kí ìwọ lè máa rí ìyá tìrẹ?”

Inú bí mi débi pé mo gbé ọbẹ̀ tí mo ń sè kúrò lórí iná, mo dà á nù. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ló sọ. Ká ní irọ́ ni, ǹ bá rí ẹnu bá a jà. Nígbà tó yá, mo ní bí wọ́n bá tún un ṣe, kó ṣáà máa sọ èmi nìkan kalẹ̀ níbẹ̀. Ó mi orí. Ó ní gbogbo abúlé á rí i pé mọ́tò tó lè gun òkè ló dúró, wọ́n á rí i pé èmi nìkan ló sọ̀, ta ni mo fẹ́ sọ pé mo wá wò? Ó ní òun ò ní fi ọwọ́ òun lé ìyá ìyàwó òun jáde nílé ọkọ. Èyí náà, òótọ́ ni. Ọkùnrin tó bá ń sọ òótọ́ nígbà gbogbo, ẹ má fẹ́ ẹ.

Mẹkáníìkì kan wà ní Ìkìrun tó máa ń bá wa ṣe mọ́tò, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń bá ẹ́ńjìnì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyàwó jà. Ó wò ó, ó ní mọ́tò wa kò ṣàìsàn, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ó ní ẹ́ńjìnì tó ń sáré yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnì tó ń fà. Tiwa yìí, àfi tó bá ń ké fatafata ni agbára rẹ̀ tó ń jáde. Bí òkè bá ti gba eré lọ́wọ́ rẹ̀, agbára náà á bá eré lọ, nígbà tí a nílò rẹ̀ gan-an. Ó ní ohun tó yẹ mọ́tò tó ru ilé sẹ́yìn ni ẹ́ńjìnì tí agbára rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tó lè máa rìn jẹ́jẹ́ bí màlúù, kó sì máa fa ẹrù rẹ̀ lọ láìkú.

Ó kọ́kọ́ fi díẹ̀díẹ̀ gbìyànjú. Ó pààrọ̀ kábúrétọ̀. Ó pààrọ̀ jíà tó wà láàrin táyà ẹ̀yìn, kí mọ́tò lè dín eré kù kó sì fà sí i. Nígbà tí wọ́n fi ẹrù dán an wò lórí òkè náà, iwájú díẹ̀ sí ibi tó ti ń kú tẹ́lẹ̀ ló kú sí, a sì tún padà sí ẹsẹ̀ rírìn láti ìsàlẹ̀. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ẹ̀pà tí mo jẹ lọ́wọ́ Màámi lọ́sẹ̀ yẹn dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, mi ò sì sọ nǹkan kan fún wọn. Kí ni kí n máa fi ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ dẹ́rù ba àgbàlagbà sí?

Àṣé ọkọ mi ò tíì jáwọ́. Ó ti ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, wọ́n sì bá a rí ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ kan, onídísù, tó jẹ́ ti lọ́rì akóyanrìn. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, dúdú báyìí, ó tóbi, ibi tí ti tẹ́lẹ̀ jókòó sí kò gbà á. Jórinjórin gé irin kúrò, ó jó irin mìíràn sí i. Wọ́n pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì, wọ́n wá rẹdíétọ̀ tó tóbi, wọ́n sì ní kí n kó kọ́bọ́ọ̀dù iwájú kúrò kí ẹ́ńjìnì lè rí àyè. Kọ́bọ́ọ̀dù mi! Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣe é, a kò rìnrìn àjò kankan, ilé la wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n tan án, ilẹ̀ mì. Kò húkọ́. Ó ń dún gbọ̀ngbọ̀n bí ẹ̀rọ ìlọta, ohùn kan náà, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Àwọn akọrin ń jó yí i ká. Èmi dúró síbẹ̀, ohun tí mo ń rò ni pé Màámi ò mọ ohùn yìí.

Ìrìn àjò àkọ́kọ́, a kúrò ní Ìnísà láàárọ̀, a dé afárá, a kọjá rẹ̀, ọkọ mi ò sì fẹsẹ̀ kan bíréèkì. Mo ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò. Màámi wà lábẹ́ igi igbá. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n dẹtí sí wa díẹ̀, wọ́n sì gbé orí sílẹ̀ padà. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ni. Wọ́n ń lé eṣinṣin kúrò lórí ẹ̀pà. Mo sún mọ́ wọn débi pé mo rí ibi tí bùbá wọn ti ya léjìká.

Mo ní kí ọkọ mi dúró. Ó gbọ́ mi, mo rí bí ọrùn rẹ̀ ṣe le gan-an. Kò dúró. Mo tún sọ ọ́, ṣùgbọ́n orin àwọn akọrin ti bo ohùn mi. Mọ́tò náà gun òkè yẹn pẹ̀lú gbogbo wa nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì, bí ẹni ń rìn lọ sódò. Ìyá tí ẹsẹ̀ wọn bó lọ́jọ́sí jókòó níwájú mi, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n ń wò ó, omi ayọ̀ ń bọ́ lójú wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú sí irú èèyàn bẹ́ẹ̀? Mo bínú sí wọn.

Bí a ṣe ń kọjá Màámi nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà gbogbo ni wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú àtẹ wọn, tí wọ́n kọ etí sí ọ̀nà Ìnísà, tí wọ́n ń retí ẹ́ńjìnì tó ti di pàǹtí nínú ọgbà mẹkáníìkì. Nínú mọ́tò, mi ò kọrin mọ́. Mi ò bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ ju oúnjẹ ti délẹ̀ lọ. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó ń fara dà á, ìyẹn náà tún ń bí mi nínú.

Níkẹyìn, mo ránṣẹ́ sí Màámi nípasẹ̀ obìnrin aláta kan ní ọjà Ìnísà tó mọ ilé wa. Nígbà tí mo tún rí i, ó ní wọ́n ti gbọ́. Ó ní Màámi rò pé mo ti kó lọ sí Èkó ni, tàbí pé ọ̀rọ̀ àwọn ti sú mi. Nígbà tí ó sọ fún wọn pé mọ́tò wa ló ti pààrọ̀ ohùn, wọ́n kàn béèrè bóyá ó ń gun òkè náà dáadáa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ọpẹ́ ni. Wọ́n gbé àtẹ wọn wọlé, wọn ò sì gbé e jáde mọ́. Aláta náà ní Bàámi wà lọ́dẹ̀dẹ̀ nígbà tí òun ń jíṣẹ́, àti pé ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ pé mọ́tò wọn ti sàn nìyẹn. Láti ìgbà náà, abẹ́ igi igbá ṣófo. Mo máa ń wò ó síbẹ̀síbẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Ó pẹ́ tó fi wà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó yá, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, bẹntiróòlù wọ́n débi pé ọkọ̀ èrò ò rìn mọ́. Ọ̀kadà gan-an dùbúlẹ̀ sílé. Mọ́tò wa tó ń mu dísù wà lára ìwọ̀nba tí èèyàn ń rí lójú títì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, a kọjá afárá báyìí, mo gbọ́ tí bíréèkì ké. Mo yọjú wo iwájú. Bàámi ló dúró sí àárín títì. Wọ́n wọ agbádá tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà wọn ń dán, wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè. Màámi jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi igbá, ẹrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn ará abúlé ti jáde, wọ́n ń wòran.

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà.

Bàámi ní, “Dìde, aṣọ rẹ funfun.” Wọ́n ní, “Èrò ni wá. Òkukù là ń lọ, a fẹ́ bá réluwé. Ojú ìyàwó mi ti lọ tán, ọ̀dọ̀ ọmọ wa ní Kàdúná ni mò ń mú un lọ.”

Wọ́n gbé iṣu ńlá kan lé ọkọ mi lọ́wọ́, wọ́n ní owó ọkọ̀ àwọn nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀fẹ́ ni àwọn wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí àwọn ará abúlé.

“Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ẹ gbọ́ o. Èmi ni mo dá mọ́tò yìí dúró. Òun kọ́.”

Mo ti kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn mọ́tò. Bàámi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, agbádá wọn gbá mi lójú, wọn ò wò mí. Wọ́n lọ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kàdúná ti kọ̀wé pé àwọn dókítà kan wà níbẹ̀ tó lè wo ojú, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ọjọ́ orí Màámi, a sì mọ bí Kàdúná ṣe jìn tó. Bàámi padà wá láti ìrìn àjò yẹn. Màámi ò padà wá.

Mo mú Màámi dé ibùsùn mi, mo ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n ń fi ọwọ́ wá nǹkan. Wọ́n fọwọ́ kan ògiri, wọ́n fọwọ́ kan kọ́tìnì, wọ́n fà á wò láàrin ìka méjì bí ẹni ń ra aṣọ. Wọ́n fọwọ́ kan sítóòfù. Ìgbà yẹn ni ó wá sí mi lọ́kàn pé láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, Màámi ò wọ inú mọ́tò yìí rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń rìn.

Wọ́n ní, “Ilé rẹ nìyí?”

Mo ní, “Òun ni, Màámi.”

Wọ́n ní ó mọ́. Ọkọ mi ti tẹná mọ́tò, a ti ń gun òkè. Ìyá tí ẹsẹ̀ wọn bó lọ́jọ́sí gbé ọwọ́ sókè sí àwọn akọrin, kò sí ẹni tó la ẹnu. Màámi dẹtí, ọwọ́ wọn wà lórí itan mi.

Wọ́n ní, “Ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ ni?”

“A kì í sọ̀ kalẹ̀ mọ́, Màámi. Ó ń fúnra rẹ̀ gùn ún.”

“Òkè náà á wá tètè tán,” ni wọ́n sọ.

Mo mọ̀ pé ọkọ mi gbọ́, nítorí ńṣe ló wo gíláàsì tó wà lókè orí rẹ̀, ojú wa pàdé. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fa jíà padà sí ìkíní, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Eré mọ́tò lọ sílẹ̀ pátápátá, ó kù bí ìrìn ẹsẹ̀, ìrìn ìyá arúgbó tó gbé àtẹ lérí. Ká ní ẹ́ńjìnì àtijọ́ ni, ibẹ̀ ni ì bá kú sí. Eléyìí ò kú. Ó ń dún gbọ̀ngbọ̀n, ó ń fà wá lọ jẹ́jẹ́, ó gbé gbogbo wa. Mo rò pé Bàámi á bínú pé réluwé á já àwọn sílẹ̀.

Bàámi ò yíjú. Wọ́n ní, “Máa rọra wà á. Réluwé kì í kánjú.”

Màámi béèrè eyín ọmọ mi. Mo ní ó ti hù tán, ó ti ń ká, ó ti wọ iléèwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ fún mi pé ewúrẹ́ yẹn ti kú, pé aládùúgbò ò tíì dárí jì í síbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìn ṣì ń dun Bàámi, kí n máa fi àdí ránṣẹ́ sí wọn nípasẹ̀ aláta, kí n má sọ pé èmi ni. Wọ́n fi ọwọ́ pa mí lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n, wọ́n tún padà sí iwájú orí. Wọ́n ní mo ti rù.

Mo gbójú sókè. A ti dé orí òkè, a ti kọjá rẹ̀ pàápàá, ọ̀nà ti tẹ́, mo ti ń rí páànù òrùlé Òkukù lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ mi ò tíì yọ jíà ìkíní. Bàámi jókòó gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀nà tààrà, wọn ò bi í pé kí ló dé.

Màámi ní, “Ṣé a ti dé orí rẹ̀?”

Mo ní, “Ó kù díẹ̀, Màámi.”